Ilé Màmá Mi Kò Gbọdọ̀ Di Kùrukùru

"Kámẹ́rà wo lo ń lò?"

Bí ẹnìkan bá bi mí ní ìbéèrè yìí, inú máa ń bí mi, mi ò sì ní parọ́ pé kì í bí mi. Ẹni náà á wọ sítúdíò mi ní Àkúrẹ́, kò ní kí mi dáadáa, kò ní jókòó, ojú rẹ̀ á ti lọ sára kámẹ́rà tó wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Á wá yọ ṣùtì ètè sí i, á ní, "Èyí náà ṣì ń ṣiṣẹ́?" Èmi náà á ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀yin ṣì ń ṣiṣẹ́?" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jókòó, màá sì ya fọ́tò wọn. Àwọn kan á bínú jáde. Ẹni tó bá bínú jáde, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ sí mi lẹ́nu. Mi ò sọ pé kámẹ́rà kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn kan wà nínú iṣẹ́ wa tí wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ojú ni, pé ọwọ́ ni, pé irin lásán ni kámẹ́rà. Irọ́ funfun báláú ni. Lẹ́ńsì ṣe pàtàkì. Ó ṣe pàtàkì débi pé ó lè mú ilé ẹni kúrò lẹ́yìn ẹni láìwó búlọ́ọ̀kù kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n fi lẹ́ńsì mú ilé màmá mi kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ìṣojú mi ni wọ́n sì ti ṣe é.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára wa, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó tuntun bẹ̀rẹ̀, mo ti ń ya fọ́tò jẹun ní Àkúrẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kún ìlú. Ará Ọ̀wọ̀, ará Ìkàrẹ́, ará Òkìtìpupa, kò sí èyí tí kì í wá ya páásípọ́ọ̀tù nínú wọn, yálà fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ tàbí fún ìfẹ̀yìntì. Tó bá di Sátidé, màá gbé kámẹ́rà kọ́rùn, màá wọkọ̀ lọ sí Ìjù tàbí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ láti lọ ya ìyàwó tuntun, tàbí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni mo ní, kámẹ́rà onífíìmù, pẹ̀lú lẹ́ńsì kúkúrú tó bá a wá. Lẹ́ńsì yẹn kì í fa nǹkan súnmọ́ni, kì í sì í tì í jìnnà. Bí ojú èèyàn ṣe ń rí nǹkan ló ṣe ń rí i. Bí mo bá fẹ́ kí nǹkan tóbi sí i, ẹsẹ̀ mi ni màá fi rìn lọ bá a.

Nígbà tó yá, kámẹ́rà dígítà tí kì í lo fíìmù dé. Ṣé ẹ mọ bí nǹkan tuntun ṣe máa ń gun ìlú? Kò pẹ́ rárá tí gbogbo fọtogíráfà fi gbé e kọ́rùn, tí lẹ́ńsì wọn gùn bí ọmọ odó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá ń pe kámẹ́rà mi ní "Ìyá Àgbà". Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà ló bí gbogbo yín. Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà á fi wọ́n rẹ́rìn-ín, a ó sì jọ jẹ bọ́ọ̀lì ní iwájú láàbù tí a ti ń fọ fíìmù. Ẹ̀fẹ̀ ni. Kò dùn mí rárá, àfìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ inú ilé tiwa.

Ìlú Oǹdó ni màmá mi ń gbé. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, títí dòní ni àwọn ará àdúgbò sì ń pè é ní Tíṣà. Nígbà tí bàbá wa kú, ọmọdé ni wá. Àwọn ẹbí bàbá wa ní kí màmá mi kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé tí òun àti bàbá wa jọ ń gbé, nítorí pé ilé ẹbí ni, obìnrin kì í sì í jogún ilé. Kò bá wọn jà. Ó háyà yàrá kan fún gbogbo wa, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní A, B, D, ó sì ń ra búlọ́ọ̀kù. Bí oṣù bá parí, owó oṣù rẹ̀ di búlọ́ọ̀kù. Bí ilé ìwé bá gba ìsinmi, ó pe bíríkìlà. Ilé náà dé ìpele fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, koríko ń hù nínú yàrá, ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò ń sùn nínú ibi tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀. A wọ bàtà kan náà títí ó fi lu ihò nítorí ilé yẹn.

Ìyá kan wà ní ọ̀ọ́kán, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dojú kọ tiwa. Ìyàwó olówó kòkó ni nígbà náà. Lọ́jọ́ kan tí ilé wa ṣì wà ní ìpele fèrèsé, ó dúró lójú títì, ó sì sọ ọ́ sókè kí àwọn bíríkìlà lè gbọ́, pé, "Obìnrin tí kò lọ́kọ, ta ló ń kọ́lé fún?" Mo wà níbẹ̀. Omi ni mo ń gbé lọ fún àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì. Màmá mi gbọ́ ọ, kò fèsì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò kí ìyá yẹn mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ. Wọ́n jọ ń kúnlẹ̀ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, tí wọ́n bá dìde tán, oníkálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Ìyá Ọ̀ọ́kán ni a ń pè é nílé wa, a kì í dárúkọ rẹ̀.

Ọdún tí màmá mi parí ilé náà, ó ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì kọ orúkọ òun sí òkè ẹnu ọ̀nà, gàdàgbà. Kì í ṣe orúkọ ọkọ o. Kì í ṣe orúkọ ọmọ. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ni, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ ẹni tó nilé.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí màmá mi pé ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wa, pè wá jọ sí ilé rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ ìjọba, bó bá sì ń bá wa sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ìpàdé ọ́fíìsì la wà. A sọ̀rọ̀ ìsìn ìdúpẹ́, a sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó wá kan fọ́tò. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Fọ́tò ńlá tí àgbàlagbà bá yà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òun náà ni wọ́n máa gbé ṣíwájú pósí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjọ́ bá pé. Kò sẹ́ni tó máa ń là á sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Mo ti ń ro bí màá ṣe yà á láti ìgbà tó ti di ẹni àádọ́rin.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "A ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ dáa gan-an."

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló gbọ́ ọ̀tọ̀. Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

"Má bínú. Ṣé o mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Bùrọ̀dá, èmi kì í ṣe ọ̀bẹ. Ọmọ ìyá yín ni mí, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun sì nìyí. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń ti Ìgbàrà-Òkè wọkọ̀ wá kí n lè ya ìyá wọn."

"A mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé o ò mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà rẹ ti gbó, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni Màmá máa pé ẹni ọgọ́rin ọdún."

Àwọn tó kù ń wo ilẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, ń wo ilẹ̀! Mo dìde, mo mú báàgì mi, mi ò jẹ ìrẹsì wọn. Ó dùn mí, ó dùn mí wọra. Mo sunkún nínú táksí títí dé àdúgbò Arákàlẹ̀, awakọ̀ sì ń ṣe mí ní pẹ̀lẹ́ láìmọ ohun tó ṣe mí.

Mo lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà máa ya fọ́tò, nítorí pé màmá mi ni, ẹnìkan kò sì lè lé mi kúrò nílé ìyá mi. Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí màmá mi, ó gbé àga sí iwájú ilé, ó tún wo ibi tí oòrùn ti ń tàn wá dáadáa. Ó mọ iṣẹ́, mi ò ní fi inú burúkú sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Màmá mi wọ lẹ́ẹ̀sì funfun, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀ nínú bàtà rẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe máa ń jókòó ya fọ́tò. Ọkùnrin náà gbé ọmọ odó rẹ̀ sójú. Mo rí ibi tó dúró sí. Mo rí ojú lẹ́ńsì náà, bó ṣe là sílẹ̀ gbàgada. Mo ti mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n wọn ò pè mí síṣẹ́, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin náà gbé fọ́tò wá sí Oǹdó, gbogbo wa sì wà níbẹ̀. Ó tóbi, ó wà nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Òótọ́ kì í ṣẹ́kù nínú mi: ojú màmá mi dára nínú rẹ̀. Gbogbo ìlà ojú rẹ̀ ló hàn, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ hàn, ìmọ́lẹ̀ wà nínú ẹyinjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀, orúnkún ló parí sí. Ohun tó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọṣẹ bá yòrò sínú omi, funfun díẹ̀, pupa díẹ̀, ewé díẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Bíi ti òyìnbó!"

Màmá mi wọ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó, ó tún fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí ló wà lára rẹ̀.

Ó ní, "Ta rèé?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Mo mọ̀ pé èmi ni. Níbo ni mo wà?"

"Iwájú ilé yín."

"Ilé dà?"

Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Mà, bí wọ́n ṣe ń yà á láyé ìsinsìnyí nìyẹn. Lẹ́ńsì yìí ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ojú má baà lọ síbòmíràn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mà."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́," ni màmá mi wí, "ṣùgbọ́n ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ojú yìí, Ọlọ́run ló fún mi, mi ò ṣe wàhálà kankan kó tó wà lọ́rùn mi. Ilé yẹn ni mo ṣe wàhálà lé lórí. Ẹ wá mú ojú, ẹ fi ilé sílẹ̀, ẹ tún gé mi lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹni tí kò mọ̀ mí á wo fọ́tò yìí, á ní inú kùrukùru ni obìnrin yìí gbé ayé rẹ̀."

Ó yí ojú sí mi. "Ìwọ, kí lo jókòó síbẹ̀ ṣe? Kámẹ́rà rẹ dà?"

"Ó wà ní Àkúrẹ́, Màámi."

"Lọ gbé e wá."

Inú mi dùn, mi ò ní tan yín jẹ. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi lójú kòró, òun ló kọ́kọ́ yí ojú kúrò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wà nínú ọkọ̀ tí mò ń padà sí Àkúrẹ́, mo ń bá ara mi sọ òótọ́. Lẹ́ńsì ọkùnrin yẹn kò ṣe ohun tó burú. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ló ṣe. Bí mo bá fẹ́ ya ìyàwó tuntun, tó sì jẹ́ ààtàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà á wá irú rẹ̀ kiri ìlú, kí ààtàn lè yòrò. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n gbé ohun tó ń pa ẹ̀yìn èèyàn rẹ́ lọ bá obìnrin tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n rí. Kò sì sí ẹni tó bi í léèrè kí wọ́n tó yà á. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Mo padà dé pẹ̀lú kámẹ́rà mi, Ìyá Àgbà. Màmá mi jókòó síwájú ilé. Mo dúró sójú títì, mo fi ojú sí kámẹ́rà: ilé kò gba inú rẹ̀. Mo fẹ̀yìn rìn, mo rékọjá gọ́tà, mo fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri ilé Ìyá Ọ̀ọ́kán. Bí mo bá mú orúkọ tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, mo pàdánù bàtà màmá mi. Bí mo bá mú bàtà, orúkọ lọ. Bí mo bá sì gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀ láti wá orúkọ náà, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn sílẹ̀ bí ọ̀mùtí.

Mo yá lẹ́ńsì mìíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Àkúrẹ́, èyí tó gbòòrò, tó máa ń gbé gbogbo ẹgbẹ́ akọrin sínú fọ́tò kan láìsún sẹ́yìn. Mo fi yà á, mo fọ fíìmù, mo gbé e lọ fún màmá mi. Ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ìwọ náà! Ilé mi fẹ́ wó, bàtà mi sì ti di ọkọ̀ ojú omi!" Òótọ́ ló sọ. Lẹ́ńsì tó gbòòrò máa ń mú ohun tó wà nítòsí tóbi gọ̀ǹgọ̀, á sì ti ohun tó wà lẹ́yìn lọ sọ́nà jíjìn. Ẹsẹ̀ màmá mi tóbi ju fèrèsé lọ, orúkọ rẹ̀ sì kéré bí àkọlé ara òògùn. Mo dá lẹ́ńsì ọ̀rẹ́ mi padà, mo dúpẹ́.

Kò sí lẹ́ńsì tó lè gbà mí sílẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Ibi tí mo dúró sí gan-an ni wàhálà mi. Mo ní láti jìnnà sí i, mo sì ní láti ga, kí kámẹ́rà lè wo iwájú ilé lójúkojú láìgbé orí sókè. Mo yí padà, mo wo òkè. Fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìyá Ọ̀ọ́kán ló wà níbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún màmá mi.

"Láéláé," ló wí. "Kàkà kí n tọrọ nǹkan nílé yẹn, kí wọ́n fi páásípọ́ọ̀tù sin mí."

"Màámi, ẹ gbọ́..."

"Mo ní láéláé! Ṣé o ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ ọ̀hún ni?"

Orí kunkun màmá mi wà lára èmi náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún rẹ̀. Mo ní, "Mo wà níbẹ̀, Màámi, omi wà lórí mi. Àmọ́ ẹ yan ọ̀kan: ìjà yín tàbí ilé yín. Kámẹ́rà mi kò lè gbé méjèèjì." Ó kọjú sí ògiri. Mo fi í sílẹ̀, mo sọdá títì.

Ìyá Ọ̀ọ́kán ti darúgbó. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ ti túká, ẹsẹ̀ kò sì gbé e dáadáa mọ́. Ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá.

Ó ní, "Ṣé ìyá rẹ ló rán ẹ?"

"Rárá, mà. Iṣẹ́ mi ló rán mi."

"Ìwọ kọ́ lo nilé. Kí ẹni tó nilé wá bi mí."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Mo padà sọ ọ́ fún màmá mi, mo sì ti ń ká ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi, nítorí pé mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Màmá mi dìde, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, lẹ́ẹ̀sì funfun náà ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti kùn pọ́ńdà, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọdá títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, ọlọ́kadà kan ń fun fèrè lé e lórí, òun kò tilẹ̀ yí ojú. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ó di èjìká mi mú gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń mí hẹlẹ, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá láìwọlé.

Kò kí i. Ó ní, "Ilé tí mo kọ́ fún ara mi, mo fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ibí nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti hàn. Ṣé ẹ máa gba ọmọ mi láyè, àbí ẹ ò ní gbà á?"

Bó ṣe sọ "fún ara mi" yẹn, ó yé mi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bi í lójú títì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹnu ọ̀nà yẹn ló ti dáhùn rẹ̀. Mo rò pé èébú ló kàn.

Ìyá Ọ̀ọ́kán wò ó títí. Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ pé ibí nìkan ló ti hàn ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Ẹ lọ jókòó, Tíṣà."

Kò bẹ̀bẹ̀, màmá mi náà kò sì dúpẹ́. Ó yí padà, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún sọdá.

Mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá náà. Mo fi lẹ́ńsì kúkúrú mi sí i, mo pa ojú rẹ̀ dé, ó ku bíńtín, nítorí pé bí ojú lẹ́ńsì bá ṣe kéré tó ni ohun tó wà nítòsí àti èyí tó wà lọ́nà jíjìn ṣe máa ń mọ́ kedere pa pọ̀. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í tètè wọlé, ẹni tó bá mira á di òjìji. Mo wo inú rẹ̀. Ilé náà dúró ṣánṣán. Páànù wà níbẹ̀, òpó méjèèjì wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn, ìkòkò òdòdó, orúkọ, àti màmá mi lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú bàtà. Ó tóbi tó bó ṣe yẹ kó tóbi níwájú ohun tó kọ́. Omi bọ́ lójú mi, mo fi apá aṣọ nù ún, mo sì nu lẹ́ńsì náà.

Ìyá Ọ̀ọ́kán ní, "Jẹ́ kí n wò ó."

Mo ràn án lọ́wọ́, ó gbé ojú sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ tó ń ka lẹ́tà tó wà lókè ẹnu ọ̀nà náà wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pe orúkọ màmá mi. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Màmá mi pariwo láti ìsàlẹ̀. "Ṣé ilé mi wà níbẹ̀?"

Mo ya ẹnu láti dáhùn, Ìyá Ọ̀ọ́kán ti yọ orí síta lójú fèrèsé, ó fi gbogbo ohùn tó kù nínú ara rẹ̀ ké e kí gbogbo títì gbọ́: "Ó wà níbẹ̀! Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀! Orúkọ yín hàn ketekete, Tíṣà!"

Àwọn tó ń kọjá dúró. Ọlọ́kadà kan gbójú sókè wo òkè ẹnu ọ̀nà wa. Màmá mi gbé orí sókè, ó wo fèrèsé náà. Kò rẹ́rìn-ín. Kò mi orí. Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì fi ojú yẹn wo obìnrin náà, kò ṣẹ́jú, kò mira rárá, mo sì tẹ kámẹ́rà.

Fọ́tò yẹn ló wà ní pálọ̀ rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá wọlé máa ń rò pé èmi tí mo yà á ni màmá mi ń wò. Èmi kọ́ ló ń wò.